Ẹnu Ni Wọ́n Gbà Wọlé

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, NEPA ti mú iná lọ. Ìyá mi fi àǹkárá kan tó ti gbó nu èébì àbúrò mi nílẹ̀, ó gbé aṣọ náà sún mọ́ fìtílà kí ó lè rí ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa, ohun tó wà níbẹ̀ sì ń rìn. Ó gùn ju pẹ́ńsù ìkọ̀wé lọ. Ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀, bí awọ ọmọ eku tí kò tíì hurun. Orí rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló bì í jáde. Ó wò ó, kò sì sunkún. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ọmọ tó máa ń ké bí wọ́n bá já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní agbára ẹkún mọ́.

Ọdún 1988 ni. Bàríga la wà, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Ìlàjẹ, níbi tí a ti ń dúró létí ọ̀sà wo àwọn òpó afárá Third Mainland tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọlé tòun ti yíǹkì dúdú lábẹ́ èékánná. Nígbà tí ìyá mi na aṣọ náà sí i, ohun tó sọ ni pé, "Aràn lásán mà nìyẹn, ìyá àwọn ọmọ. Ọmọ wo ni ò ní aràn?"

Mi ò dá bàbá mi lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n fi aṣọ náà hàn nínú ilé oníyàrá méjìlá tí à ń gbé, ohun kan náà ni onítọ̀hún ì bá sọ. Ọmọ tó ń jẹun tí kò sanra, wọ́n á ní aràn ló ń bá a jẹ ẹ́. Ọmọ tó ń pa eyín keke lójú oorun, aràn ni. Ọmọ tó fẹ́ràn ṣúgà, wọ́n á ní aràn inú rẹ̀ ló ń tọrọ. A ti ka aràn mọ́ ara ọmọdé bí ikun imú, ohun tí ojú bá sì ti mọ́, kì í bà á lẹ́rù mọ́.

Ikùn àbúrò mi ti tóbi tipẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ìka kàn án ní ikùn, wọ́n á máa pè é ní oníkùn ẹ̀bà, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ó ti wúkọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá mi fi òrí pa á láyà, ó fún un ní oyin lá, ikọ́ náà sì lọ. Kò sẹ́ni tó so ikọ́ pọ̀ mọ́ ikùn. Nígbà tí inú rírun wá bẹ̀rẹ̀, a lọ sọ́dọ̀ kẹ́mísìtì òpópónà wa, ó fún wa ní òògùn aràn olómi, ó ní kí a fún un ní ṣíbí méjì. A fún un. Lọ́jọ́ kejì ni inú rírun náà gbóná sí i. Yóò ká ara rẹ̀ kò bí ìgbín, yóò ké, yóò dákẹ́, yóò tún ké. Kò yàgbẹ́. Ikùn náà le. Bí ìyá mi bá gbé ọwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, ó ń kan kókó kan tó rí gbọ́ngbọ́n bí ìdì owú. Èébì tó ń bọ̀ jẹ́ omi lásán tẹ́lẹ̀, ó wá ń di àwọ̀ ewé.

Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ, tí kò lọ sílé ìwé kankan, ló gba ọmọ náà là. Ó wọlé láti wá kí i, ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, ó sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò láti béèrè: "Ìyá wọn, ọmọ yìí só láti àná?" Ìyá mi ní òun kò gbọ́. Ìyá Ìbejì dìde. "Ẹ gbé e. Ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù nísinsìnyí."

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ kò yẹ kí n máa dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá mi lọ ra omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, kó ra ìbọ̀wọ́, kó ra òwú. Ó ń sáré láti kẹ́mísìtì kan dé èkejì láàárín òru, tòun ti yíǹkì lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni wọ́n gbé ọmọ náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà tó ṣe é ṣàlàyé fún bàbá mi lẹ́yìn náà pé àwọn aràn náà ti lọ́ mọ́ra wọn bí okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù, wọ́n sì dí ìfun pa bí ìdì aṣọ tó dí ọ̀nà omi. Ibi tí wọ́n dí náà ti yí po, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ó sì ti dúdú. Wọ́n gé e kúrò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn bí ó ti gùn tó han bàbá mi, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún ìyá mi pé àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í ka aràn tí àwọn kó jáde, àwọn kò kà á tán.

Ó yè. Ó ti di bàbá ọmọ báyìí. Àpá náà ṣì wà láti òkè ìdodo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó gbòòrò bí ọ̀já. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà "aràn lásán" mọ́ títí ó fi kú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, mo ń ka ohun tí mo bá rí kà, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ní aràn kò ní dé ibi tí àbúrò mi dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí bílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn ló ní àwọn aràn tó ń ti inú ilẹ̀ ran èèyàn. Bí gbogbo wọn bá ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà ayé kò ní tó. Ọmọ tí aràn inú rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ewu ń wu, pàápàá àwọn ọmọ kéékèèké tí ìfun wọn ṣì tóóró. Nínú wọn, aràn lè dí ìfun. Ó lè mú kí ìfun yí po, ó lè mú kó bẹ́, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ tú sí ikùn. Ẹyọ kan ṣoṣo lè yà kúrò lójú ọ̀nà, kó wọ inú ọ̀nà tí òróòro ń gbà, kí ojú ọmọ pọ́n kó sì máa joró. Ibà máa ń mú àwọn aràn rìn ìrìnkurìn, ìdí nìyẹn tí aràn fi ń gba ẹnu tàbí imú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná jáde.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn wà. Èyí tó rí bí pàṣán, bó bá pọ̀, ọmọ á máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, á máa tẹnmọ́ títí ìdí rẹ̀ á fi yọ síta. Mélòó nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la ti fún ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tí a sì ní ṣúgà ló kó bá a? Ṣúgà kì í bí aràn. Èyí tó kéré tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, eyín ló fi ń di ìfun mú, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló ń mu, díẹ̀díẹ̀, títí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà á fi funfun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á jókòó sí kíláàsì, kò ní lè gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, wọ́n á sì pè é ní olódo. Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn tí wọ́n fi pe ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò sí lára rẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí èrò mi padà jù lọ jẹ́ ohun kékeré kan nípa bí aràn inú, irú èyí tó dí ìfun àbúrò mi, ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Abo kan ṣoṣo lè yé tó 200,000 ẹyin lóòjọ́. Ẹyin náà á bá ìgbọ̀nsẹ̀ jáde. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ilẹ̀ ló máa sàba lé e bí adìyẹ, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nínú erùpẹ̀ tó lọ́rinrin tí òjìji sì bò. Lẹ́yìn èyí, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan láìkú, ó ń retí ìka ọmọ. Bí ọmọ bá gbé e mì, yóò pa sínú ìfun, yóò lu ìfun já, yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, yóò ti ẹ̀dọ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, yóò gun ọ̀fun bọ̀ wá sókè. Ọmọ á wúkọ́, á sì tún gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ló tó wá jókòó sínú ìfun, tó di ńlá láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn ni mo rántí òrí tí ìyá mi fi ń pa àbúrò mi láyà.

Ẹ wá wò ó: aràn inú kì í bímọ sínú ikùn kí ọmọ náà sì dàgbà níbẹ̀. Ẹyin tó yé gbọ́dọ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀, kó tó lè gba ẹnu padà. Bí ogójì aràn bá wà nínú ọmọ, ogójì ẹyin ló gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Wọn kò pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ẹnu ni gbogbo wọn gbà wọlé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ara ìka, láti ara ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa, láti ara omi, láti ara gúgúrú tó já bọ́ sílẹ̀ tí ọmọ ṣà jẹ. Àwọn tí nọ́ọ̀sì yẹn kò kà tán, ìgbẹ́ ẹlòmíràn tó wà lórí ilẹ̀ àgbàlá wa ni gbogbo wọn, tí ọmọ wa sì jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún kọ, àmọ́ mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó mọ́ jù ú lọ tó sì jẹ́ òótọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, ní ìlú Jeonju ní Gúúsù Kòríà, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí inú ń run wá sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì. Dókítà Paul Crane, ará Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn tiwọn kà á tán: 1,063 ni aràn tí wọ́n kó jáde nínú ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ náà kú. Ìròyìn náà dun àwọn ará Kòríà, ó sì tún tì wọ́n lójú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti bá aràn jà. Ní 1966, wọ́n ṣe òfin lé e lórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìgbẹ́ gbogbo ọmọ ilé ìwé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹni tí wọ́n bá sì rí ẹyin aràn nínú tirẹ̀, wọ́n á fún un ní òògùn. Ní 1971, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, bíi márùndínlọ́gọ́ta ló ní aràn inú. Ní 1997, kò pé ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún. Orílẹ̀-èdè tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ túútúú ló ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ikú ọmọ kan.

Ká padà sílé. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 400,000 sí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, tí Bàríga wà nínú rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn já kí oòrùn tó kan àtàrí. Ilé ń gun ilé. Létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ àti ní Àgọ́ Ẹ̀gùn, pàǹtírí àti ìyẹ̀fun igi ni àwọn èèyàn fi ń dí omi kí wọ́n tó rí ilẹ̀ kọ́lé sí. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, gọ́tà á kún, sókàwéè á kún, àwọn méjèèjì á sì bá ara wọn pàdé nínú àgbàlá. Bí omi náà bá fà, ilẹ̀ á gbẹ díẹ̀, á ṣì lọ́rinrin, òjìji ògiri á sì bò ó. Àwọn ọmọ á bọ́ síta lọ ta bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ fi owó kọ́ ilé fún ẹyin aràn, kò lè kọ́ èyí tó dára ju àgbàlá wa lọ.

Èkó kò sì ṣàìmọ ọ̀nà. Nítòsí wa ní Yábàá ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé wà. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ ilẹ̀ wa tó di ọ̀gá àgbà ìlera ìlú Èkó ní 1936, ló ń rán wọn wọ inú ilé àti ọjà, òun ló sì dá ètò ìlera ọmọ ilé ìwé sílẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà bẹ̀rù wolé-wolé ju ọlọ́pàá lọ. Bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀ ní òpópónà kejì, kóówá á ti máa bo àmù omi, á máa gbá ìdí ṣáláńgá. Wọ́n bínú sí i nígbà náà. Ní tèmi o, mo fẹ́ kó padà wá, kó sì máa wọ ilé tèmi pàápàá.

Ohun tí a ní dípò rẹ̀ lónìí ni òògùn, mi ò sì ní fojú tín-ín-rín òògùn. Albendazole kan ṣoṣo, mílígíráàmù 400, ti tó fún ọmọ tó ti lé ní ọdún méjì. Ìdajì rẹ̀ ni ti ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé méjì. Kò wọ́n. Láti ọdún 2012 tí àwọn ilé iṣẹ́ apòògùn ńlá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń fi èyí tó pọ̀ tọrẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá a. Àwọn ọmọ tó ń rá, tó ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu, ilé ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín òògùn ní kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sam Asaolu ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Celia Holland, ará Ireland, wà lára àwọn tó yẹ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò ní àwọn abúlé nítòsí Ifẹ̀. Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní 2009, ó súnmọ́ ìdajì àwọn ọmọ náà tó ní aràn inú.

Òògùn máa ń lé aràn jáde, àmọ́ kò kan ilẹ̀. Ọmọ tó lo òògùn lónìí tó sì padà sórí erùpẹ̀ kan náà lọ́la, kí oṣù mélòó kan tó pé, wọ́n á ti tún ń kún inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ kan pé tí yóò bá fi di 2025, kò ní sí ẹni tó ń yàgbẹ́ sí gbangba mọ́ ní Nàìjíríà. 2025 ti dé, ó ti lọ. Ẹ lọ dúró sétí ọ̀sà ní Bàríga láàárọ̀, kí ẹ wò ó fúnra yín.

Èmi náà lọ ní àsìkò òjò tó kọjá. Mo yà sí ilé tí a gbé nígbà yẹn. Wọ́n ti kun iwájú rẹ̀, wọ́n ti fi gééètì tuntun sí i, ọmọ-ọmọ lándílọ́ọ̀dù wa àtijọ́ ló ń gba owó ilé báyìí. Mo bá a gba ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí sókàwéè wà nígbà náà ló ṣì wà, ọmọrí rẹ̀ ti sán, omi dúdú ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọdébìnrin kan jókòó tì í, ó ń fi agolo tòmátò se ọbẹ̀ iyẹ̀pẹ̀. Ó gbé ọbẹ̀ náà sún mọ́ mi, ó ní, "Dádì, ẹ wá jẹun." Lẹ́yìn náà ló fi ìka tọ́ ọ lá fúnra rẹ̀, bí àwọn ọmọ ti máa ń ṣe, láti fi hàn mí pé ó dùn. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ lándílọ́ọ̀dù náà ìdí tí wọn kò fi tún ibẹ̀ ṣe. Ó ní ọkọ̀ tó ń fa sókàwéè kò lè wọ òpópónà náà, àti pé ayálégbé kò fẹ́ dá owó.

Ẹ̀yin ìyá, bí inú bá ń run ọmọ yín, tí ikùn rẹ̀ le, tó ń bì, tí kò yàgbẹ́ tí kò sì só, ẹ má ṣe fún un ní òògùn aràn nílé, ẹ má fún un ní àgbo. Bí ìfun bá ti dí, òògùn aràn lè mú kí gbogbo aràn náà rọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n wọ́ jọ sójú kan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Bí ẹ bá tètè dé, omi tí wọ́n ń fà sára àti rọ́bà tí wọ́n ń gba imú kì bọ inú lè tó, láìjẹ́ pé wọ́n fi abẹ kàn án.

Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù Ṣómólú àti Bàríga, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. Ní èyí tó ń bọ̀ yìí, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ àti owó gééètì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín, kí ẹ wo ọmọrí sókàwéè náà kí òjò tó dé.